Ìwé 100 Láàárín Ọdún Kan: Ohun Tí Ojú Mi Rí

Kí n tètè jẹ́wọ́ kí n tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ: mo parọ́ nípa ìwé. Kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Ó tó oṣù mẹ́fà tí mo fi ń sọ fún àwọn tá a jọ ń kàwé pé mo ti parí ìwé tí mi ò kà dé ìdajì, títí di ọjọ́ tí ọwọ́ tẹ̀ mí níṣojú èèyàn méje. Bí mo ṣe débẹ̀, bí adùn ìwé ṣe kúrò lẹ́nu mi pátápátá, àti bó ṣe ń padà díẹ̀díẹ̀, ni mo fẹ́ sọ. Mo mọ̀ pé èmi nìkan kọ́ ni irú ẹ̀ ń ṣe.

Ẹgbẹ́ òǹkàwé kékeré kan là ń ṣe. Àwa mẹ́jọ ni, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù la sì máa ń jókòó. A ó ti fẹnu kò lórí ìwé kan, kálukú á lọ kà á nílé, tá a bá wá pàdé, ẹnu á máa ṣiṣẹ́. Ẹni tí ìwé bí nínú á sọ. Ẹni tó sunkún á sọ. Ẹni tó sùn lọ níbi ojú ìwé 30 náà á sọ, a ó sì jọ rẹ́rìn-ín. Ọdún mẹ́ta la fi ṣe é báyẹn, mi ò rántí pé mo fìgbà kan bi ara mi pé ìwé mélòó ni mo ti kà.

Ìparí ọdún kẹta ni ọ̀kan nínú wa, ọkùnrin kan tó fẹ́ràn ìṣirò, yọ bébà kan jáde lápò. Ó ti kọ orúkọ gbogbo ìwé tó kà lọ́dún náà sílẹ̀, ó fi nọ́ńbà sí i: 64. A pàtẹ́wọ́ fún un. Nígbà tí mo délé, mo dúró síwájú pẹpẹ ìwé mi, mo ń fi ìka ka tèmi. Mo kà á, mo tún un kà. Mọ́kànlá. Èmi tí wọ́n máa ń sọ pé tẹ́ ẹ bá ń wá a, ẹ wo ibi tí ìwé wà.

Èdè wa fúnra rẹ̀ ì bá ti kìlọ̀ fún mi, mi ò kàn fetí sí i ni. Kà la fi ń ka owó, kà náà la fi ń ka ìwé. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ń ṣiṣẹ́ méjèèjì. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo fi kíka owó gba ipò kíka ìwé, mi ò sì mọ̀ pé mo ṣe é. Mo mú bírò, mo kọ ọ́ gàdàgbà sórí bébà, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri: ìwé 100 lọ́dún tó ń bọ̀.

Ìṣirò tó yẹ kí n ṣe lálẹ́ náà, ẹ̀yìn ìgbà tí ojú ti tì mí tán ni mo tó ṣe é. Ẹ jẹ́ ká jọ ṣe é. Ní ọdún 2019, onímọ̀ kan ní Bẹ́ljíọ́ọ̀mù tó ń jẹ́ Marc Brysbaert kó àbájáde ìwádìí rẹpẹtẹ jọ, ó rí i pé àgbàlagbà tó ń ka ìtàn àròsọ lédè Gẹ̀ẹ́sì láìgbóhùn sókè máa ń ka bí ọ̀rọ̀ 260 níṣẹ̀ẹ́jú kan. Tí kì í bá ṣe ìtàn àròsọ, á wálẹ̀ sí bí 238. Ká ní ìwé kan ní ojú ìwé 300, kí ọ̀rọ̀ 300 wà lójú ìwé kọ̀ọ̀kan: ọ̀rọ̀ 90,000 nìyẹn. Tá a bá ń ka 250 níṣẹ̀ẹ́jú, ìṣẹ́jú 360 la ó fi kà á, ìyẹn wákàtí mẹ́fà. Ìwé 100 á gba wákàtí 600. Pín in sí ọjọ́ 365, ó lé ní wákàtí kan àti ààbọ̀ lójoojúmọ́, láìsí ọjọ́ àìsàn, láìsí ọjọ́ ìrìn àjò, láìsí alẹ́ tí oorun á gbé èèyàn lọ. Èmi tí mo ń ti ibi iṣẹ́ dé nígbà tí ilẹ̀ ti ṣú, ibo ni mo fẹ́ ti rí i? Ṣùgbọ́n ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé ẹni tó bá fẹ́ràn ìwé dénú á rí i ṣe.

Oṣù Kìíní dára. Mo ka mẹ́jọ. Oṣù Kejì ni ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ bẹ̀rẹ̀. Tí mo bá dúró níwájú ìwé, kì í ṣe àkọlé ni mo ń wò mọ́, bó ṣe nípọn sí ni mo ń wò. Ìwé kan wà tó ní ojú ìwé 800, ọdún mẹ́fà ló ti ń wù mí kà. Mo gbé e, mo fọwọ́ díwọ̀n ọn, mo dá a padà sáyè ẹ̀, torí pé pẹ̀lú gbogbo bó ṣe wúwo yẹn, ẹyọ kan náà ni mo máa kà á sí. Ẹ gbọ́ ìyẹn dáadáa. Èmi tí mo ní mo fẹ́ràn ìwé ni mo ń sá fún ìwé tí mo fẹ́ràn.

Lẹ́yìn ìyẹn ló kan ìwé àfetígbọ́. Kò sí ohun tó burú nínú ìwé àfetígbọ́ o. Etí ti ń gba ìtàn tipẹ́ kí ojú tó gbà á. Ohun tí èmi ṣe ni pé mo gbé eré rẹ̀ sí ìlọ́po méjì, mo wá ń gbọ́ ọ bí mo ṣe ń fọ abọ́, bí mo ṣe ń dáhùn àtẹ̀jíṣẹ́. Ẹni tó ń kà á ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí wọ́n ń lé. Lọ́jọ́ kan, ìyá kan ń sin ọmọ rẹ̀ nínú ìtàn, ó ń sunkún. Ṣùgbọ́n ẹkún tí wọ́n bá sáré rẹ̀ ní ìlọ́po méjì, ẹ̀rín ni í jọ. Mo rẹ́rìn-ín. Mo dúró níwájú abọ́ tí ọṣẹ kún, mò ń fi ìyá tó ń sin ọmọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ó yẹ kí n ti mọ̀ lọ́jọ́ yẹn pé nǹkan ti bàjẹ́. Mo fi àmì síwájú orúkọ ìwé náà, mo kọ nọ́ńbà 23 sí i.

Èyí tó wá bà á jẹ́ tán ni ẹ̀kọ́ kan tí wọ́n fi ń kọ́ni bí èèyàn ṣe lè máa sáré kàwé. Wọ́n ní ohùn kékeré tó ń pe ọ̀rọ̀ nínú orí wa bá a ṣe ń kàwé, òun ló ń fa ìdúró, ká pa á lẹ́nu mọ́. Wọ́n ní ká fi ìka sáré gba àárín ojú ìwé kọjá wálẹ̀, ká jẹ́ kí ojú gbá gbogbo ìlà mú lẹ́ẹ̀kan náà. Inú mi dùn. Mo ń yí ojú ìwé bí ẹni tó ń fẹ́ ara rẹ̀ lábẹ̀bẹ̀.

Ohun tí mo wá kà lẹ́yìn náà nípa ojú rèé. Ojú kì í ṣàn lórí ìlà bí omi. Ńṣe ló ń fò, tó ń bà, tó tún ń fò. Ibi tó bá bà sí, bí ìdá mẹ́rin ìṣẹ́jú àáyá kan ló fi ń dúró níbẹ̀, ìwọ̀nba lẹ́tà díẹ̀ ló sì ń rí kedere. Kò sí ìdánrawò tó lè mú kó gbá odidi ojú ìwé mú. Keith Rayner, tó fi ọ̀pọ̀ ọdún wo bí ojú ṣe ń rìn lórí ìwé, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ ọ̀pọ̀ ìwádìí lórí ọ̀rọ̀ yìí wò, wọ́n sì gbé e jáde lọ́dún 2016: bí eré bá ṣe ń pọ̀, bẹ́ẹ̀ ni òye ń dín kù. Ohùn inú orí tí wọ́n ní ká pa lẹ́nu mọ́ yẹn, ara ohun tó ń jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yé wa ni. Mi ò sọ pé kí èèyàn má fojú sáré wo ìwé tó bá ń wá ẹyọ ọ̀rọ̀ kan tàbí orúkọ kan nínú ẹ̀. Ìyẹn wúlò. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fojú sáré wo ilé onílé látojú fèrèsé kò lè sọ pé òun ti wọlé.

Nígbà tó fi máa di oṣù Kẹjọ, nọ́ńbà 71 wà lára ògiri mi. Tí n bá ní kí n sọ òótọ́, mi ò rò pé mo ka ọgbọ̀n tán nínú wọn. Àwọn yòókù, mo ka ìbẹ̀rẹ̀, mo ka ẹ̀yìn, mo wo ohun tí àwọn ẹlòmíì sọ nípa wọn, mo wá ń fi ọ̀rọ̀ ẹnu wọn ṣe tèmi.

Wọ́n ní bí irọ́ lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Tèmi ò tiẹ̀ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ìwé tá a kà lóṣù yẹn dá lórí ẹ̀gbọ́n kan àti àbúrò rẹ̀. Mo ti ka bí ojú ìwé 40 níbẹ̀rẹ̀, mo fi ìka sáré gba àárín kọjá, mo wá ka ogún tó gbẹ̀yìn. Ẹ̀gbọ́n ló ń sọ̀rọ̀ sí àbúrò rẹ̀ jálẹ̀ ìparí ìwé náà, ó ń bá a wí, ó ń bẹ̀ ẹ́. Nígbà tó kàn mí láti sọ̀rọ̀, mo jókòó dáadáa. Mo ní, "Ohun tó dùn mí jù ni pé àbúrò yẹn ò padà wálé. Ó kéré tán, ó yẹ kó wá tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀."

Gbogbo ilé pa lọ́lọ́. Ẹnì kan wúkọ́. Ọkùnrin tó ni bébà 64 yẹn ń wo bàtà ara rẹ̀.

Ìyá àgbàlagbà kan wà láàárín wa, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì. Màmá ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Wọ́n mú ìwé tiwọn, wọ́n fi itọ́ tọ́ ìka, wọ́n ṣí i pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, wọ́n sì tì í sọ́dọ̀ mi. Wọ́n ní, "Bá wa ka ìpínrọ̀ yìí sókè." Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Orí kẹrin ni. Bí mo ṣe ń kà á lọ ni ohùn mi ń lọọlẹ̀, torí pé nínú ìpínrọ̀ yẹn ni wọ́n ti gbé òkú àbúrò náà jáde látinú odò. Ó ti kú látorí kẹrin. Òkú ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀ láti ìgbà yẹn títí tí ìwé fi parí. Gbogbo ìwé náà dúró lé ojú ìwé kan, ojú ìwé tí mo fi ìka gbá kọjá.

Màmá ò bú mi. Wọ́n ní, "Kò burú. Ta ló tún fẹ́ sọ̀rọ̀?" Èébú ì bá sàn jù. Nígbà tá a fẹ́ túká, wọ́n fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo: "Ṣé o ṣì ń gbádùn ẹ̀?" Mo la ẹnu, mi ò rí ọ̀rọ̀ fi sí i.

Mo ya bébà ara ògiri lálẹ́ ọjọ́ náà. Odindi oṣù mẹ́rin ni mi ò dé ìpàdé, mi ò sì kàwé. Kì í ṣe pé mi ò gbìyànjú. Tí mo bá ṣí ìwé, ojú ìwé méjì, mẹ́ta, orí á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ mi, lẹ́tà á máa kó wọnú ara wọn, ojú á máa wúwo. Mo sọ fún ara mi pé ìtìjú ni. Ìgbà tó yá, mo ní ọ̀lẹ ni. Lẹ́yìn ẹ̀, mo ní fóònù ló ti ba ọpọlọ mi jẹ́. Mo wá gbà pé ìfẹ́ ìwé ti kú nínú mi, bí ìfẹ́ ṣe ń kú láàárín èèyàn méjì. Mo tiẹ̀ ti ń di ìwé sínú páálí láti fi tọrẹ.

Ẹni tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ló gbà mí. Mo mú ike òògùn kan, mo fẹ́ ka ohun tí wọ́n kọ sí i lára, mo nà án síwájú, mo tún nà án sí i. Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, apá yín ò gùn tó mọ́ o." Ẹni ọdún 43 ni mí nígbà yẹn.

Dókítà ojú ò lo ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lórí ọ̀rọ̀ mi. Lẹ́ńsì tó wà nínú ẹyinjú, ó ní, rírọ̀ ló ń rọ̀ nígbà tí èèyàn bá wà lọ́mọdé, ìyẹn ló ń jẹ́ kó lè yí padà láti wo ohun tó sún mọ́ni. Bí ọjọ́ orí ṣe ń lọ, ó ń le. Tí èèyàn bá ti lé ní 40, kíka ohun tó wà nítòsí á bẹ̀rẹ̀ sí í ni í lára. Kò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀, kì í sì í ṣe àìsàn. Wọ́n fún mi ní awò ojú tí kò lágbára rárá. Alẹ́ ọjọ́ yẹn mo ka ojú ìwé 50 láìsí orífífọ́. Mo bínú, mo rẹ́rìn-ín, mo tú páálí ìwé palẹ̀. Oṣù mẹ́rin tí mo fi ń pe ara mi ní ọ̀lẹ! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti súnmọ́ ogójì ọdún tí ìwé wá ṣàdédé ń sú yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ yẹ ojú yín wò kẹ́ ẹ tó dá ìwà yín lẹ́bi.

Awò yanjú ìdajì. Ìdajì tó kù, inú orí mi ló wà, torí bí mo ṣe ń kà á náà ni mò ń wo iye ojú ìwé tó kù. Mo lọ kí Màmá nílé, mo sọ gbogbo ẹ̀ fún wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀. Wọ́n ní nígbà tí àwọn ń ṣe tíṣà, ohun kan ṣoṣo làwọn fi ń mọ ọmọ tó kàwé: àwọn á ní kó pa ìwé dé, kó sọ ọ́. "Ìwọ náà, tó o bá ti ka ohun tó o kà tán lálẹ́, pa ìwé dé. Tí kò bá sẹ́ni tó o máa sọ ọ́ fún, sọ ọ́ fún ògiri."

Lálẹ́ àkọ́kọ́, mo ka ojú ìwé méjìlá, mo pa ìwé dé, mo yíjú sí ògiri. Gbólóhùn mẹ́ta ni mo rí sọ. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọ̀kan ò rí bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo padà lọ wò ó. Ìtìjú yẹn dára, torí pé èmi àti ògiri nìkan ló wà níbẹ̀. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo ti lè jókòó sọ ìtàn orí kan látòkèdélẹ̀.

Mo wá rí i pé ọgbọ́n Màmá ní ẹ̀rí lẹ́yìn. Ní 2006, Henry Roediger àti Jeffrey Karpicke ní Amẹ́ríkà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìwé kà. Apá kan tún un kà, apá kejì gbìyànjú láti kọ ohun tí wọ́n rántí sílẹ̀ láìwo ìwé. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, àwọn tó tún un kà ló rántí jù. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀rọ̀ yí padà, àwọn tó ti fi ọpọlọ wá a lọ́jọ́sí ló ṣíwájú. Ìyẹn yé mi kíá. Gbogbo ìwé 71 yẹn, ìṣẹ́jú márùn-ún-márùn-ún ni mo ní nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.

Àwọn nǹkan kéékèèké mìíràn tó ràn mí lọ́wọ́: ogún ìṣẹ́jú lójúmọ́ ni mo ń kà, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ àyàfi tí ìwé bá dì mí mú. Ẹni tó bá tún ìṣirò àkọ́kọ́ yẹn ṣe á rí i pé ogún ìṣẹ́jú lójúmọ́ tó bí ogún ìwé lọ́dún. Ó yà mí lẹ́nu. Mo ti rò pé ogún ìṣẹ́jú ò já mọ́ nǹkan. Fóònù máa ń wà ní yàrá kejì, kì í ṣe lábẹ́ ìrọ̀rí, torí mo ti gbìyànjú abẹ́ ìrọ̀rí, ọwọ́ mọ ọ̀nà ibẹ̀ nínú òkùnkùn. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni má kàwé lórí fóònù o. Àwọn tó kó ìwádìí lórí èyí jọ ní 2018 rí i pé ohun tí wọ́n kà lórí bébà ló máa ń yé àwọn èèyàn jù, pàápàá tí àkókò bá ń lé wọn, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ìtàn ni wọ́n ń kà, kò fi bẹ́ẹ̀ sí ìyàtọ̀. Èmi ni mi ò lè gbé ìwé àti ariwo ọjà tó wà nínú fóònù pọ̀ sójú kan náà.

Mo sì ń pa ìwé tì. Èyí ló nira jù fún mi. Tó bá dé ojú ìwé 50 tí ìwé kan ò bá mi sọ̀rọ̀, mo dá a padà sórí pẹpẹ, láìbínú sí i, láìbínú sí ara mi. Àwọn ará Japan ní ọ̀rọ̀ kan, tsundoku, fún ìwé tí èèyàn rà tó kó jọ láìkà. Tèmi jẹ́ 37 nígbà tí mo kà wọ́n gbẹ̀yìn. Mo ti ṣèlérí pé mi ò ní kà wọ́n mọ́, àyàfi tí mo bá fẹ́ kà wọ́n.

Mo padà sí ìpàdé. Kò sẹ́ni tó dárúkọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Nígbà tá a fẹ́ lọ, ọkùnrin oníṣirò yẹn sún mọ́ mi, ó ń fọwọ́ họ orí. Ó ní òun fẹ́ sọ nǹkan kan fún mi láti ọjọ́ yìí: nínú 64 yẹn, bí ogún ló jẹ́ ìwé aláwòrán tí òun máa ń kà fún ọmọ òun kó tó sùn, mẹ́ta nínú wọn sì wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Mo wò ó, ó wò mí, a ò lè dúró lórí ẹsẹ̀ wa mọ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo tó lè mú ìwé ẹ̀gbọ́n àti àbúrò yẹn padà. Mo bẹ̀rẹ̀ látojú ìwé kìíní. Ọjọ́ kẹta ni mo dé orí kẹrin. Mo jẹ́ kí ohùn inú orí mi máa pe ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, bó ṣe fẹ́, bó ṣe lọ́ra tó. Ohun kan wà nínú ìpínrọ̀ yẹn tí mi ò rí, kódà lọ́jọ́ tí mo kà á sókè níwájú gbogbo wọn: odò náà ò jìn. Ìgbà tí ẹ̀gbọ́n sáré wọ inú ẹ̀, omi ò kọjá ìbàdí rẹ̀. Mo pa ìwé dé, mo yíjú sí ògiri. Mi ò rí nǹkan kan sọ fún un lálẹ́ ọjọ́ náà.